Ìṣirò fún ọ̀dọ́ tó ń kàwé nílé: èwo ló yẹ kó ṣáájú, èwo ló yẹ kó tẹ̀lé e?

"Ìwé ìṣirò wo ni kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ báyìí?" Kò sí ìbéèrè tí àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ń bi mí tó èyí, láti Tanke ní Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Ọmọ náà sábà máa ń wà láàárín ọdún 12 sí 16. Òbí mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọmọ kúrò níléèwé ni. Òbí mìíràn ti ń kọ́ ọ nílé láti kékeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣirò ti wá kọjá ohun tí òun fúnra rẹ̀ rántí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra ìwé. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ìwé tó yẹ ọmọ: ibi tí òye rẹ̀ dé lónìí, ìdánwò tó máa jókòó fún lọ́jọ́ iwájú, àti iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ yé e kí òmíràn tó lè yé e. Orúkọ kíláàsì kò sí lára wọn. Ọmọ ọdún 15 tí kò lè ro ìdá méjì pọ̀ kò tíì dé SS1, kódà bí wọ́n bá kọ SS1 gàdàgbà sí iwájú ìwé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí òye ọmọ dé

1. Ẹ fún un ní bébà, bírò àti wákàtí kan. Kó má lo ẹ̀rọ ìṣirò rárá.
2. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ fi èsì náà bá a wí. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀yin méjèèjì máa ti bẹ̀rẹ̀ ni.
3. Kó kọ gbogbo bó ṣe ṣe é sílẹ̀, kó má sì pa nǹkan kan rẹ́. Bó bá ṣì í, kó fa ìlà kan lé e lórí, kó tún un ṣe sísàlẹ̀.
4. Apá A ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá gba mẹ́rin nínú márùn-ún, kó bọ́ sí Apá B. Bí kò bá gbà á tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró.

Apá A

- 3/4 + 5/6
- −7 − (−12)
- Wọ́n ń ta aṣọ kan ní ₦2,400, wọ́n wá yọ 15% kúrò. Èló ni kí ẹni tó ń rà á san?
- 2x + 5 = 17. Kí ni x?
- Ẹ pín ₦36,000 fún ẹni mẹ́ta ní 2 : 3 : 4.

Apá B

- Ẹ tú (x − 3)(2x + 5) palẹ̀.
- Ẹ ṣe factorisation x² + 7x + 12.
- 2x + y = 11, x − y = 1. Kí ni x àti y?
- Onígun mẹ́ta kan ní igun 90°. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé níbẹ̀ jẹ́ 6 cm àti 8 cm. Mélòó ni ẹ̀gbẹ́ kẹta?
- Ẹ sọ 1101 tó wà ní base two di base ten.

Apá D

- 2x² − 5x − 3 = 0
- log₁₀ 8 + log₁₀ 125
- Kí ni nọ́ńbà kejìlá nínú 5, 8, 11, … ?
- Ẹnì kan rin kìlómítà 10 sí ìlà-oòrùn, ó tún rin kìlómítà 10 sí àríwá. Kí ni bearing ibi tó dé láti ibi tó ti gbéra?
- Bọ́ọ̀lù pupa 3 àti dúdú 5 wà nínú àpò. Ẹ mú méjì láìdá ti àkọ́kọ́ padà. Kí ni probability pé pupa ni méjèèjì?

Ìdáhùn Apá A: 19/12, 5, ₦2,040, 6, ₦8,000, ₦12,000 àti ₦16,000. 
Apá B: 2x² − x − 15; (x + 3)(x + 4); x = 4, y = 3; 10 cm; 13. 
Apá D: 3 tàbí −1/2, 3, 38, 045°, 3/28.

Ọmọ tó dúró ní Apá A, ìpìlẹ̀ JSS1 àti JSS2 ni kó padà sí, ọjọ́ orí yòówù kó ní. Èyí tó dúró ní Apá B, iṣẹ́ JSS3 ló kàn án. Èyí tó dúró ní Apá D ti lè bẹ̀rẹ̀ SS1. Bó bá gba Apá D dáadáa, ẹ wo àkójọ iṣẹ́ SS2, kí ẹ mú èyí tí kò tíì kọ́ níbẹ̀ kó tó bọ́ sí SS3.

Ẹ má wo máàkì nìkan. Ọmọ tó kọ 8/10 fún ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ro òkè pọ̀, ó sì ro ìsàlẹ̀ pọ̀. Ohun tí ìdá jẹ́ gan-an ni kò yé e. Èyí tó kọ 17/12 mọ ọ̀nà, ìsọdipúpọ̀ ló ṣì. Àwọn méjèèjì gba òdo, ṣùgbọ́n ti èkejì kò ní gbà yín ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Ti àkọ́kọ́ lè gbà yín ní odindi táàmù kan.

Ẹ má kánjú kúrò lórí ìdá

Ìdá, tí àwọn ọmọ mọ̀ sí fraction, ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí pẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Ìdí ni pé òun ló fara hàn níbi gbogbo lẹ́yìn náà: nínú ìdọ́gba tó ní x lórí àti nísàlẹ̀, nínú gradient, nínú sine àti cosine, nínú probability, títí dé differentiation. Bí ọmọ bá sọ fún yín pé algebra le, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe ìdá.

Bí ọmọ yín bá ń lọ sílé kéwú, ẹ ti ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára jù lọ́wọ́. Ẹ lo ìpín ogún. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Ìyàwó ní 1/8, ìyá ní 1/6, ọmọkùnrin sì kó ìyókù. Kí ọmọ wá ìsàlẹ̀ tó bá méjèèjì mu, ìyẹn 24: 3/24 àti 4/24, ó di 7/24. Ìyókù jẹ́ 17/24. Ẹ wá sọ pé ₦4,800,000 ni ogún náà, kó pín in: ₦600,000 fún ìyàwó, ₦800,000 fún ìyá, ₦3,400,000 fún ọmọ. Lẹ́yìn náà, kó ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ọmọ tó bá ń ṣe irú èyí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní bẹ̀rù ìdá mọ́.

Nílé tí kò sí kéwú, ẹ lo owó èésú àti àjọ, tàbí èrè ọjà. Nǹkan tí ọmọ ń rí lójú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìdánwò tí ẹ ń lọ

Ní tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kàwé nílé ló máa jókòó fún WAEC tàbí NECO bí ẹni tí kò sí níléèwé, kó tó ṣe UTME ti JAMB. WAEC máa ń ṣe ìdánwò àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, NECO sì máa ń ṣe tiwọn lápá ìparí ọdún. A1 títí dé C6 ni wọ́n ń pè ní credit.

Bébà ìṣirò WAEC jẹ́ méjì. Èkíní ní ìbéèrè 50 tí wọ́n ti to ìdáhùn sí, fún wákàtí kan ààbọ̀. Èkejì ní ìbéèrè 13 tó nílò àlàyé, fún wákàtí méjì ààbọ̀: márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, ọmọ á sì mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù. Máàkì 100 ló wà lórí bébà kejì yìí, 50 péré ló wà lórí èkíní. Nítorí náà, ọmọ tó kàn ń ṣe iṣẹ́ "mú A, B, C tàbí D" lórí fóònù kò tíì múra fún WAEC. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ti JAMB yàtọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni, ìbéèrè 40 ló sì wà nínú ìṣirò. Ìbéèrè 180 ni gbogbo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, fún wákàtí méjì. Ìyára ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ṣe ìṣirò ní JAMB. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà máa ṣe é, ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé máa ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà á mú baọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, ṣùgbọ́n ó ṣì nílò credit nínú ìṣirò WAEC. Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fún ẹ̀kọ́ àti yunifásítì tí ọmọ ń fẹ́, ì báà jẹ́ Unilorin, KWASU ní Màlété, tàbí òmíràn ní Nàìjíríà. Ẹ má gba ti aládùúgbò gbọ́.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, bí iṣẹ́ iná tàbí ìránṣọ, lè gba NABTEB, ìyẹn ìdánwò fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ìṣirò wà níbẹ̀ náà, ìpìlẹ̀ kan náà ló sì nílò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ to iṣẹ́ ní ọdún sí ọdún

Ètò tí mo máa ń dá fún àwọn òbí nìyí. Ọdún kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15 lè fi oṣù mẹ́fà parí ìpele àkọ́kọ́, nítorí ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ rí.

1. Ìpìlẹ̀: ìdá, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ratio, ìdọ́gba tó rọrùn, wíwọn ilẹ̀ àti àgbá omi.
2. JSS3: factorisation, simultaneous equations, ìlànà Pythagoras, àwòrán tó jọra, graph onílà tààrà, standard form.
3. SS1: indices, lẹ́yìn náà logarithm, set, quadratic, sine, cosine àti tangent, construction, modular arithmetic.
4. SS2: arithmetic àti geometric progression, inequality, circle theorems, sine rule àti cosine rule, bearing, probability.
5. SS3: surds, matrix, ìṣirò owó èlé àti gbèsè, longitude àti latitude, coordinate geometry, differentiation, integration. Lẹ́yìn náà, past question.

Statistics kò sí lórí ìlà kankan lókè nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ pín in káàkiri gbogbo ọdún. Níléèwé, ìparí táàmù kẹta ló sábà máa ń bọ́ sí, ìgbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn ti wà lọ́dọ̀ ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó rọrùn jù láti fi gba máàkì nínú WAEC.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú òmíràn:

- Indices ṣáájú logarithm. Ọmọ tí kò mọ̀ pé 10³ × 10² jẹ́ 10⁵ máa há òfin log sórí ni.
- Factorisation ṣáájú quadratic. Fọ́múlà kò lè rọ́pò rẹ̀.
- Sine àti cosine ṣáájú bearing. Kó sì máa ya àwòrán fún gbogbo ìbéèrè bearing, kódà bí kò bá sí ẹni tó ní kó yà á.
- Igun àti onígun mẹ́ta ṣáájú circle theorems.
- Indices àti graph ṣáájú differentiation.

Fún bearing àti cosine rule, ẹ lo ojú ọ̀nà tiwa. Ẹ ṣí máàpù lórí fóònù, kí ọmọ fi sàmì sí Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, kó wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì ní ìlà tààrà, kó wá fi cosine rule ṣírò igun tó wà ní Àjàṣẹ́. Kó sì fi pròtírátọ̀ wọ̀n ọ́n lórí bébà láti mọ̀ bóyá ó bá ti rẹ̀ mu. Fún longitude àti latitude, kó mọ̀ pé Ìlọrin wà ní nǹkan bí 8.5°N, kó wá ṣírò bí ó ṣe jìnnà sí ibi tí latitude rẹ̀ jẹ́ òdo lórí meridian kan náà. Ìdáhùn rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ kìlómítà 945.

Bí ìwé Amẹ́ríkà lẹ bá ń lò

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gba ìwé tí wọ́n to báyìí: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus. Kò burú. Ṣùgbọ́n tiwa máa ń da algebra àti geometry pọ̀ lọ́dọọdún, ti Amẹ́ríkà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewu méjì ló wà níbẹ̀.

Èkíní, ọmọ á lo odindi ọdún kan lórí Geometry, á sì gbàgbé Algebra 1. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún algebra ní gbogbo ọdún náà.

Èkejì, àwọn iṣẹ́ kan wà tí WAEC máa bi í tí kò ní bá pàdé dáadáa nínú ìwé wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn Algebra 2, ẹ ya táàmù kan sọ́tọ̀ fún wọn:

- number base àti modular arithmetic
- bearing tí a ń kọ ní nọ́ńbà mẹ́ta, bíi 045°
- longitude àti latitude
- lílo four-figure table
- construction pẹ̀lú rúlà àti kọ́ńpáàsì
- ìṣirò owó ní náírà

Bí SAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì Amẹ́ríkà, ni ọmọ máa ṣe, tó sì dá yín lójú pé Amẹ́ríkà ló ń lọ, ètò wọn bá a mu bó ṣe wà. Èrò tèmi ni pé kó ṣì gba WAEC. Ilé ni a máa ń padà sí bí ìwé ìrìnnà bá pẹ́.

Ti Cambridge, ìyẹn ìdánwò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀nà méjì nínú IGCSE Mathematics: Core àti Extended. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe Core kò lè gba ju C lọ, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó. Ọmọ tó ń lọ sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, Extended ni kó ṣe.

Further Mathematics: ta ló yẹ?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni nínú WAEC. Kì í ṣe ìṣirò tí wọ́n kàn mú le. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹnjiníà, físíìsì, ìṣirò tàbí kọ̀ǹpútà máa jèrè rẹ̀ púpọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nítorí ó ti bá vector, binomial àti calculus pàdé. Àwọn tó kù lè fi í sílẹ̀ láìkábàámọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti ń ṣe quadratic láìwo ìwé, tí ẹ kò sì ní láti tì í kó tó jókòó sídìí ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Bí máàkì ìṣirò gbogbogbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ dá a dúró kíá.

Ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé yín

Ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù: lẹ́yìn ìrun Ṣúbùhì tàbí àdúrà òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹnikẹ́ni tó rán ọmọ níṣẹ́. Bó bá ń lọ ilé kéwú nírọ̀lẹ́, ẹ má fi ìṣirò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà náà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ tuntun. Ọjọ́ Ẹtì, kó tún iṣẹ́ oṣù tó kọjá ṣe, ìbéèrè mẹ́wàá péré. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tuntun tó le. Ẹ fi oṣù náà ṣe àtúnṣe iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá.

Nítorí iná àti dátà: àwọn fídíò Khan Academy jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń dààmú yín, ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ Kolibri. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà nígbà kan tí dátà wà, kí ẹ yan ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ẹ fẹ́, ọmọ á sì máa wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí ó ní ìwé títẹ̀ kan lọ́wọ́. Ọ̀kan péré, kó sì parí rẹ̀. Ẹ lọ wò ó nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ìdáhùn wà lẹ́yìn àti pé àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe tán pọ̀ ṣáájú ìbéèrè.

Bí ìṣirò kò bá rọrùn fún ẹ̀yin òbí

Ẹ lè wá tísà lẹ́sìnnì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìṣirò ní Unilorin, tàbí ẹni tó ti gba NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò tàbí ti Ìlọrin, lè ṣe é dáadáa. Ẹ fún un ní àkójọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó kọ́, pẹ̀lú bébà ìdánwò àkọ́kọ́ tí ọmọ ṣe. Bí ẹ bá kàn sọ pé "ẹ bá mi múra rẹ̀ fún WAEC", past question ló máa gbé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

- Ta ló ń di bírò mú? Bó bá jẹ́ tísà ló ń kọ nígbà gbogbo, ọmọ kò kọ́ nǹkan kan.
- Pálọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí àgbàlagbà kan wà nílé.
- Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ọmọ ṣàlàyé iṣẹ́ ọjọ́ náà fún yín. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bó bá ń kó ọ̀rọ̀ jọ láìlè fà á yọ, kò tíì yé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù

Kí a bẹ̀rẹ̀ past question ní SS1. Ọmọ á máa há ìdáhùn sórí, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Kí a ti orí kan bọ́ sí òmíràn nítorí pé ọ̀sẹ̀ ti parí. Ohun tí kíkọ́ ọmọ nílé fi dára ju iléèwé lọ ni pé ẹ lè dúró. Ẹ lò ó.

Kí a fi ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ tó parí SS3 ní ọdún 14 àti èyí tó parí rẹ̀ ní 17 lè jọ jókòó ní kíláàsì kan náà ní 100 level.

Kí a gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè jù. WAEC gbà á, bí kò bá ń pariwo, tí kì í sì í ṣe èyí tí a lè kọ ètò sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dé òpin JSS3, ẹ tì í mọ́ inú dúráwà.

Kí ọmọ tó kúrò ní ìpele kan

- Ó lè ṣe ìbéèrè mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láìwo àpẹẹrẹ.
- Ó lè ṣe é bákan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò fọwọ́ kàn án.
- Ó lè sọ ìdí tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀.
- Ó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí èkejì bá já, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹ mú orí tó já nìkan, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà wo ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀?

Nígbà tí ọmọ bá ti ṣe odindi bébà WAEC mẹ́ta tí kò tíì rí rí, bébà kìíní àti kejì, ní àkókò tí WAEC fún un gan-an, tí kò sì sí èyí tó gbà ní ìsàlẹ̀ 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹlòmíì bá yín máàkì rẹ̀. Bí méjì bá dára tí ọ̀kan já, ẹ dúró de ìdánwò tó tẹ̀lé e. Oṣù mélòó kan péré ni yóò fà, owó fọ́ọ̀mù yín kò sì ní ṣòfò.